Àbẹ́là Ojú Fèrèsé

N kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀ kí n tó fèsì. Láti kékeré ni màmá mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti dáhùn kí wọ́n tó bi ọ́." Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fẹ́ràn jù láti kọ́ wa. Bí o bá kọ igbá láìfi àmì sí i, wọ́n á bi ọ́ bóyá igba lo fẹ́ kọ ni àbí ìgbà, wàá sì dúró níwájú kíláàsì títí wàá fi fi àmì rẹ̀ sí i. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn ni mo máa ń dúró pẹ́ jù.

Nígbà tí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin kógbá sílé, mo kó ẹrù mi padà wá sí Èsìẹ́. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó pẹ̀lú ìdílé tirẹ̀. Èmi àti màmá mi nìkan la wà nínú ilé náà, n kò sì lè máa jókòó kí n máa wo òrùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àbẹ́là olóòórùn dídùn. Orí fóònù ni mo ti rí i. Àwọn ọmọ ìlú tó bá ti Èkó wálé ṣègbéyàwó máa ń wá nǹkan tí àlejò wọn á mú lọ, àwọn tó bá sì wá wo ère òkúta wa náà máa ń rà á.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, kò dára. Inú agolo mílíìkì ni mo ti yọ́ ìda lórí iná gbangba, mo wá da lọ́fíńdà lé e. Lọ́fíńdà náà gbaná, ó jó irun ìpéǹpéjú mi kan. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí èyí tó kù tutù, wọ́n gbé e sí imú.

"Èyí ò ní òórùn kankan. Àbẹ́là tí wọ́n ń tàn nígbà tí NEPA bá muná ni."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sílé ìdáná, pé ohun tí mò ń wá lọ sí Ìlọrin ń bẹ lẹ́yìn ìkòkò. Wọ́n gbé ìkòkò kékeré sínú omi tó ń hó, pé inú ẹ̀ ni kí n ti máa yọ́ ìda. Wọ́n rẹ òwú rẹ̀ sínú omi iyọ̀, wọ́n sá a kó gbẹ kó má baà jó tán kíákíá. Wọ́n fi òrí díẹ̀ sínú ìda kó má baà sán bó bá dì. Èmi ni mo ju ewé efinrin tútù sí i, ó sì ń ta bí ẹyin nínú epo gbígbóná. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé omi àti ìda ń bára wọn ṣọ̀rẹ́. Kànáfùrù ni wọ́n mú, wọ́n gún un, wọ́n rẹ ẹ́ sínú adìn àgbọn fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó sẹ́ adìn náà sínú ìda.

Èèpo ọsàn tí a ń fi sínú ìda náà ló gba sùúrù jù. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ títí á fi máa dún tí a bá ṣẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bu. Ẹ̀yìnkùlé ni a ń sá a sí, nínú tíréè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó màmá mi. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á máa fi òrí pa orúnkún, wọ́n á ní àwọn àti èèpo ọsàn jọ ń yá oòrùn ni. Tí mo bá pè wọ́n pé ẹ̀kọ ti tutù, wọ́n á ní, "Fi mí sílẹ̀, egungun mi ò tíì gbẹ." Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àwàdà.

Àbẹ́là tí a bá ṣe, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọn ò yìn ín rí. "Ó kù díẹ̀" ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù ní Òmù-Àrán kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó kù tí wọ́n lè sọ kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ohùn wọn kò sì lókè, kò nísàlẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ń sọ jù. Wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n á nà án sápá fèrèsé, wọ́n á ní, "Oorun." Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́ ló ń jáde, láìní àmì kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ní wọn ò rí oorun sùn ni. A sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n, ó fún wọn ní oògùn oorun, wọ́n sì sùn dáadáa. Nígbà tí wọ́n jí, ọwọ́ òsì tún gbéra. "Oorun."

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò mọ nǹkan kan, pé Èkó ló wà, èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú wọn. Mo ní òórùn ni. Ó sì dá mi lójú. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni màmá mi, yàrá náà sì ti ń rùn, ìtọ̀, róòbù, oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni àbẹ́là tí a ṣe kẹ́yìn, tí wọ́n ní ó kù díẹ̀, ń bẹ lójú fèrèsé. Òun gan-an ni ọwọ́ wọn ń nà sí. Kí ni mo tún fẹ́ bi wọ́n?

Mo tan àbẹ́là náà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ pa á, mo bá ti fèrèsé, mo sì fa kọ́tìnnì bò ó kí òórùn rẹ̀ má baà jáde. Wọ́n ń wo iná náà, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Mo ní omijé ayọ̀ ni. Mo tilẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọwọ́ òsì gbéra. "Oorun."

Mo ní ó kù díẹ̀ náà ni. Bí mo ṣe kó sí i nìyẹn. Mo sọ kànáfùrù di ìlọ́po méjì. Mo bu adìn àgbọn jù sí i, àbẹ́là náà ń làágùn nínú ìgò, kò sì dì. Mo da fanílà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, ó kóra jọ sísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń tan tuntun, tí mò ń ti fèrèsé, tí mò ń bi wọ́n léèrè pé ṣé èyí dáa. Lọ́jọ́ kan wọ́n na ọwọ́ òsì dé ibi tó lè dé, wọ́n gbá àbẹ́là náà ṣubú, ìda dà sára kọ́tìnnì. Mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ gan-an? Gbogbo wàhálà tí mò ń ṣe yìí ńkọ́?" Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo fi àkísà nu ìda náà, inú sì ń bí mi.

Òjò wá dé, ó ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì wọn, mò ń ṣàròyé pé èèpo ọsàn ti bu mọ́ mi lọ́wọ́, pé oòrùn ò ràn kí n rí i sá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń mì í, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. "Oorun. Oorun."

"Mo gbọ́, Màmá," ni mo wí. "Mò ń ṣe é."

Àbúrò màmá mi obìnrin ń gbé ní Ìjàrà-Ìsin. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè wá, ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gun ọ̀kadà wá nínú òjò wínníwínní. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí ló dé tí ibí ṣókùnkùn báyìí. Màmá mi rí wọn, ọwọ́ òsì gbéra.

"Oorun."

"Oòrùn kẹ̀?" ni àbúrò wọn wí, wọn ò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, òjò ń rọ̀ lóde. Tó bá dá, a ó gbé yín síta."

Màmá mi mí kanlẹ̀. Ọwọ́ òsì náà rọra bọ́ sílẹ̀ sórí aṣọ. Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà náà ni ẹnì kan kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.

Àbúrò wọn yíjú sí mi. "Ẹni tí kì í jẹun àárọ̀ kó tó yá oòrùn. Ẹ sì ti fèrèsé mọ́ ọn?"

Èmi tí kì í pẹ́ kí n tó fèsì, mo yára dìde. Mo pa àbẹ́là, mo fa kọ́tìnnì, mo ṣí fèrèsé. Ojú ọ̀run dúdú. Mo rántí gbogbo òwúrọ̀ tí oòrùn fi ń ràn sára ògiri yẹn kí òjò tó dé, tí mo fi ọwọ́ ara mi tì í síta. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó gbẹ̀yìn tèmi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi àti àbúrò wọn fi ń gbé wọn lórí àga lọ sí ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, tí òjò bá ti dá díẹ̀. Wọ́n á gbé ojú sókè. Kùrukùru ni. A ó dúró, òjò á tún bẹ̀rẹ̀, a ó gbé wọn wọlé. Lọ́jọ́ kẹrin mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. N ò gbọ́ yín." Wọ́n fi ọwọ́ òsì kàn mí lórí, wọ́n ń fi ìka wá inú irun mi bí ẹni tó ń wá iná orí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọn ò jí.

Àwọn tó wá kí wa ń sọ fún mi pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí n tó sunkún rárá ni mi ò ti ríran.

Ọjọ́ tí a sin wọ́n, oòrùn ràn. Ó ràn láti òwúrọ̀, ó mú gan-an, ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbẹ, ó sì ń là. Abẹ́ kánópì ni wọ́n gbé pósí sí fún àdúrà, gbogbo èèyàn sì há síbẹ̀ nítorí ooru. Mo ní kí wọ́n gbé wọn bọ́ sínú oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí léjìká mú, ó ní kí n fara balẹ̀, ó rò pé ìbànújẹ́ ti kọ lù mí lórí. Àbúrò wọn nìkan ló yé. Wọ́n dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n sọ fún àwọn tó gbé pósí pé kí wọ́n ṣe ohun tí mo wí. Ibi tí àpótí ìjókòó wọn máa ń wà ni wọ́n gbé e sí. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo dúró níbẹ̀ títí igi náà fi gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi.