Ìwé Tí Mo Rà fún Àǹtí Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ ohun tí ẹ máa rà, ohun tí ẹ máa kà àti ibi tí ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ ní wíkẹ́ẹ̀ndì yìí, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ foríjì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Síkírá, ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ìyá wa kú, àwọn ni wọn ò lọ sí ilé ìwé rárá, kí èmi lè lọ. Mo kàwé, mo ríṣẹ́ sí Island, mo ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní Ìgbògbò. Àǹtí mi ò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B.

Àfi bí wọ́n ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà lọ́dún tó kọjá! Inú mi dùn, àbí kí ló tún kù? Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn ra ìwé ìtàn Yorùbá kan, kí n mú un wá ní Sátidé, àwọn fẹ́ kà á sí mi létí. Wọ́n ní kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa o.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni.

Ọjọ́ kejì ni mo ra ìwé náà. Àmọ́ ẹ mọ bí Sátidé ṣe ń rí fún ẹni tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ láti ọjọ́ Ajé! Sátidé àkọ́kọ́, mo kó àwọn ọmọ lọ ra bàtà àti ẹ̀wù òjò. Ìkejì, ọjọ́ ìbí ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ìkẹta, òjò. Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò bínú rí.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó dé Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n jókòó síwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn gan-an, mo kí wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá mi.

"Ṣadé, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Mo gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ìka tọ ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Bàbá lọ sí oko. Bàbá gbé iṣu bọ̀." Ohun tí tíṣà kọ́ wọn ní kíláàsì, tí wọ́n ti há sórí, ni wọ́n ń kà!

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ní, "Màmá Ẹ̀pẹ́, ẹ ti dorí ìwé kodò."

Wọ́n rọra pa á dé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Mo rò pé o máa wá ní Sátidé tó ń bọ̀ ni. Mo fẹ́ kà á fún ẹ kí ojú ọ̀hún tó lọ tán."

Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìkòròdú. Ó ní àrùn tí kì í dunni ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ojú. Ká ní a tètè wá, oògùn ì bá ti dá a dúró. Èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. Mo sunkún nínú ọkọ̀. Àǹtí mi ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún!

Mo ní kí n máa ka ìwé náà fún wọn. Wọ́n kọ̀. "Èmi ni mo fẹ́ kà á fún ẹ, Ṣadé." A ò tíì ka ojú ewé kan títí dòní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn àgbà yín lọ yẹ ojú wò, kódà tí wọn ò bá ráhùn. Tí ẹni tó tọ́jú yín bá ní kí ẹ wá, ẹ lọ. Ta ló ń retí yín báyìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.