Epo Lára Irin

Bí epo pupa bá kan irin tó ṣì gbóná, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí kò jọ ti ilé ìdáná, tí kò sì jọ ti ṣọ́ọ̀bù oníwẹ́dà. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun imú. Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní lílo epo bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà láyé, kì í jẹ́ kí àdá tàbí ìkòkò irin sùn láìfi epo ra á, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dípẹtà. Lẹ́yìn tó lọ, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo ra irin. N kò lè sọ pé ìpẹtà nìkan ni mo ń bá jà.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìsọlọ̀, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí ọkọ̀ ẹrù kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Olùkọ́ wa kò fẹ́ kí a máa wo àwòrán inú ìwé ṣáá. “Lọ wo ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ,” ló máa ń sọ. Ohun tó wà lẹ́yìnkùlé mi ni igi máńgòrò ńlá kan, àti ẹ̀gà.

Ìwọ náà mọ ariwo ẹ̀gà. Ilé wọn kún orí igi yẹn, gbogbo rẹ̀ rọ̀ dirodiro bí èso. Láàárọ̀, mo máa ń gbé àga síta, kí n wò wọ́n kí n tó tan ẹ̀rọ. Akọ ló máa ń hun ilé. Á lọ fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wá, á fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka, á ta á ní kókó, á tún un ta. Bó bá parí, á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pe abo kó wá wò ó. Bí abo bá wò ó tí kò gbà á, tí imọ̀ náà sì gbẹ, akọ á fi ẹnu ara rẹ̀ fa ilé náà ya títí kò fi ní ku ohun kan lórí ẹ̀ka. Mo rí i bó ṣe ń ṣe é. Ìbínú wà níbẹ̀, tàbí ohun tó jọ ọ́.

Mo fẹ́ fi irin hun irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ènìyàn, kí a fi ṣéènì gbé wọn kọ́, kí àwọn tó bá wá wò wọ́n lè rìn wọ abẹ́ wọn, kí wọ́n gbójú sókè. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí kókó ìsàlẹ̀ ṣe lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan, mo fi ọ̀pá gígùn ja ilé kan lulẹ̀. N kò wo inú rẹ̀ kí n tó ja á. Ẹyin méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti fọ́ kó tó balẹ̀, èkejì fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo nu ọwọ́ mi sára ṣòkòtò, mo jókòó, mo sì tú ilé náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe hun ún. Abo náà ń fò yí ibi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ká, ó ń ké. Mo gbọ́ ọ. Mo ń ṣiṣẹ́ mi lọ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n parí, mo fi epo ra wọ́n dáadáa, mo sì gbé wọn kọ́ sára ẹ̀ka máńgòrò náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí n lè wo bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ẹyẹ gidi. Ohun tí n kò rò ni pé ọmọbìnrin kékeré kan ti sọnù ládùúgbò láti ìjẹta. Mo mọ̀ o. Mo tilẹ̀ bá wọn wá a dé ẹ̀bá kánáàlì, mo sì rí ìyá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí ẹkún. N kò kàn so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló so ó pọ̀. Wọ́n rí ohun mẹ́ta tó tóbi tó ènìyàn lórí igi, ohun pupa ń kán lára wọn bọ́ sílẹ̀.

Mo ń fọ eyín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé dé. N kò rí ojú ẹni tó kọ́kọ́ gbá mi létí.

“Bàbá, níbo lẹ gbé ọmọ náà sí?”

“Bàbá rẹ ni? O ń bọ̀wọ̀ fún gbọ́mọgbọ́mọ.”

“Irin ni,” mo wí. “Ilé ẹyẹ ni.”

“Irú ẹyẹ wo ló ń gbé inú eléyìí? Ẹyẹ òru?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí páìpù fi ba apá òsì mi. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dá kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ. Mo wo ẹni tó di páìpù náà mú. Ọkùnrin kan tí mo ṣe géètì fún ni, tí a jọ jẹun nínú àwo kan lọ́jọ́ tí mo ri géètì náà mọ́lẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó sì tún gbé páìpù sókè.

Wọ́n tẹ̀ mí mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá mi níhà títí èémí fi gé mọ́ mi nínú. Ẹnìkan yí táyà bọ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Omi òjò wà nínú rẹ̀. Ó dà sí mi láyà, ó tutù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè ẹni tó ní pẹtiróò. Ẹlòmíràn ti gun igi pẹ̀lú àdá, ó ń gé ẹ̀ka tí mo gbé iṣẹ́ mi kọ́. Ẹ̀ka náà wó, irin àti ilé ẹyẹ jọ wá sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gà kan tí kò tíì ní ìyẹ́ bọ́ síwájú imú mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Bàtà kan tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀. Àwọn ẹyẹ ń ké lókè. Lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ igbe wọn dáadáa, nítorí n kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ tí mo lè máa ṣe lọ.

Obìnrin tí mo máa ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ló la àárín wọn kọjá. Àgbàlagbà ni, ó sanra, wọ́n yà fún un. Bọ̀ọ̀lì tó ń jẹ lọ́wọ́ ṣì wà nínú bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ni?”

“Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹbọ ni.”

“Epo mi lẹ ń pè ní ẹ̀jẹ̀? Kẹ́ẹ̀gì kan gbáko ló rà lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ṣé àkàrà ló fẹ́ dín, ó ní irin ni. Wèrè lẹ fẹ́ dáná sun yẹn, kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ.”

Ó bẹ̀rẹ̀ síbi irin tó wó lulẹ̀, ó nu bọ̀ọ̀lì náà mọ́ ọn títí ó fi pọ́n, ó sì fi sẹ́nu lójú gbogbo wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ọmọ àdúgbò wa tó jẹ́ fi ẹnu kan epo ẹbọ, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Wọ́n ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún nu èyí tó kù.

“Iyọ̀ ló kù,” ló wí, ó sì nà án sí ọkùnrin tó di páìpù mú. “Gbà, jẹ.”

Ọkùnrin náà ju páìpù sílẹ̀, kò gba bọ̀ọ̀lì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rántí pé òun ní ibì kan láti lọ. Obìnrin náà ló yọ táyà lọ́rùn mi. Ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti rí ọmọ náà ní Àjàó Estate, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tó mú un lọ láìsọ fún ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá sọ ọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì tó ń di apá mi ló ń fi ọ̀rọ̀ náà tàkúrọ̀sọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ọkùnrin onígéètì tó fi páìpù lù mí náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. “Bàbá Wẹ́dà,” ó ní, “géètì yẹn tún ti ń ké.” Mo gbé àpò irinṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Apá òsì mi kò tíì nà tán, nítorí náà ó pẹ́ kí n tó ṣe é. Nígbà tí mo parí, mo ti ìka bọ ike epo mi, mo fi ra ibi tí géètì ti ń yí. Ó ń wo ìka mi tó pọ́n.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn…”

“Èmi náà ti ja ilé ẹyẹ lulẹ̀ rí,” mo wí. “Ẹyin wà nínú rẹ̀.”

Ó wò mí bí a ti ń wo wèrè. Bóyá ó ti gba ọ̀rọ̀ obìnrin elépo gbọ́. N kò ṣàlàyé. Mo ti géètì, mo ṣí i, kò ké mọ́, mo sì lọ sílé.

Mo tún méjì ṣe nínú iṣẹ́ mẹ́ta náà. Ẹ̀kẹta, tó tẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ̀ka wó, mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì gbé e kọ́ mọ́ àwọn yòókù. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó ń wá wò wọ́n máa ń dúró sí pẹ́ jù. N kì í fi ọ̀pá ja ilé ẹyẹ mọ́. Bí mo bá fẹ́ fọ́nrán kan wò, mo máa ń dúró di ìgbà tí ẹni tó ni ín bá fúnra rẹ̀ fà á ya. Àwọn ẹ̀gà ti padà sórí ẹ̀ka tó kù. N kò tíì dárí ji ọkùnrin yẹn tán, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá jókòó láàárọ̀ tí inú fẹ́ bí mi sí i, ẹyẹ kan á ké lókè, n ó sì tún rí ọwọ́ ara mi tí mo ń nù sára ṣòkòtò.