Plákáà Onílẹ̀kùn Méjì

N kò ní fi bò: gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan plákáà, àpótí aṣọ ara ògiri tó wà ní yàrá mi, olódo ni. Èmi ni mo kọ́ ọ níwèé, mo sì mọ ohun tí mò ń wí. Ọdún méjì gbáko ló fi jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì mi nílùú Ṣábẹ̀ẹ́, bí àpò èso kajú tí a gbé ti ògiri.

Ìyàwó mi ló jẹ́ kí n ránṣẹ́ pè é. Kó tó lọ sí Kétu, ìlú wa, láti tọ́jú ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó tọ́ka sí okùn tí aṣọ rẹ̀ ti ń fì láti ìgbà tí ìjọba ti gbé mi wá síbí.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Tí mo bá padà dé tí mo bá aṣọ mi lórí okùn yìí, n kò ní sọ ẹrù kalẹ̀. Kétu ni màá padà sí."

Obìnrin yìí kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹ̀rù bà mí.

Yàrá wa há. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn àpótí síta, ibùsùn ni yóò gbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ilẹ̀kùn méjèèjì jẹ́ èyí tí à ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yà á sórí ìwé: ipa kan lókè, ipa kan nísàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa rìn nínú rẹ̀. Olódo mi dé láti àdúgbò Adido, ó wo ìwé náà, ó họrí, ó sì pè mí ní mẹ́tìrì, olùkọ́, bíi ti ìgbà kíláàsì.

"Mẹ́tìrì, ipa kan ṣoṣo fún ilẹ̀kùn méjì?"

Mo yínmú. "Ìwọ tí o kò lè ka ìlọ́po méje délẹ̀, ìwọ lo fẹ́ kọ́ olùkọ́ rẹ? Ohun tí mo yà ni kí o kàn."

"Ó dáa, mẹ́tìrì. Ẹ má bínú."

Ó tẹríba, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lọ́ra bí ìgbín. Ó ń fọwọ́ pa pákó lára bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́, èmi sì jókòó tì í, mò ń pòṣé.

Ọjọ́ tó parí ni ìyàwó mi dé. Tòun ti báàgì lọ́wọ́ ló wọ yàrá. Ó wọ́ ilẹ̀kùn òsì, ó kọlu ti ọ̀tún. Ó wọ́ ti ọ̀tún, ó kọlu ti òsì. Àwọn méjèèjì ti kún ipa kan ṣoṣo náà dẹ́nu, kò sí èyí tó lè kọjá lára èkejì. Ìyàwó mi wo báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Mo yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà, mo bú u bí ẹni láyin.

Ọkùnrin náà jáde sẹ́yìn ilé, ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wọlé, tó ti gbẹ́ ipa sí lára, tó sì ti ń dán. Ó kàn wọ́n mọ́ iwájú ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn kan bọ inú ipa tuntun náà. Ilẹ̀kùn rọra kọjá lára ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo lo gbẹ́ ìwọ̀nyí?" ni ìyàwó mi bi í.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, màmá. Mò ń retí kí mẹ́tìrì bi mí ni."

Ìyàwó mi sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún méjì tó fi jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì mi, n kò bi í ní nǹkan kan rí, títí kan ìlọ́po méje tí mo ní kò mọ̀.