Ìlú Tí Hamdalah Dá Sílẹ̀

Inú ṣì ń bí mi nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún Abídèmí, tí a jọ ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìgàndó. Ìwé aláwòrán ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì kẹta ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìlú àròsọ ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jọba àti bí wọ́n ṣe ń kọ́lé sórí omi. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀, kó fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn rẹ̀. Hamdalah, tí kì í lanu ní kíláàsì, dìde, ó sọ̀rọ̀ títí aago fi lù.

Ní Fúráìdè, àwọn òbí ṣí ìwé ọmọ wọn wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọn ò rí nóòtì. Wọ́n ní tíṣà náà ò kọ́ ọmọ. Mádàámù tó ni ilé-ìwé bá ti ìwé aláwòrán mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tó wà lójú pátákó ni Hamdalah ń dà kọ báyìí. Nóòtì rẹ̀ kún, ìyá rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọpẹ́ kí ni, jàre? Àná ni mo ní kó ṣàlàyé ojú ewé kan fún mi.

Ó ní, “Àǹtí, n ò mọ̀. Mo ṣáà dà á kọ ni.”