Ọfà Tó Ń Yà Sí Òsì

Ìjà la fi túká, èmi àti bàbá mi, nígbà tí mo ń bọ̀ ní Abidjan lọ́dún 1999. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbòho, ọdẹ ni baba tó bí wọn. Èmi kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbéra, mo sọ fún wọn lójú àwọn èèyàn pé iṣẹ́ ọdẹ ti di iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹnu mi ni, mi ò lè dá ẹlòmíì lẹ́bi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

 Bàbá mi wọlé, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn ọrun wọn jáde, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sí ọfà kankan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ igi í gbẹ́, gbẹ́ ọfà fúnra rẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan gbáko kọjá láìsí ọ̀rọ̀ láàrin wa. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n bi wọ́n.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Abobo, ládùúgbò kan ní Abidjan, tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Lọ́jọ́ Sunday, màá ki lẹ́búlẹ́bú pákó sínú àpò, màá gbé e kọ́ sára igi mángòrò, màá dúró lókèèrè, màá máa ta á lọ́fà. Igi tó dára jù lọ́wọ́ mi ni mo fi gbẹ́ àwọn ọfà náà. Mo fá wọn títí wọ́n fi tọ́ gbọnrangandan, mo lẹ ìyẹ́ adìyẹ mọ́ wọn nídìí. Àmọ́ òsì ni gbogbo wọn ń yà sí, ìdí wọn á sì máa jù bí ìrù ajá. Mo sún mọ́ àpò, òsì ni. Mo kọjú sí ọ̀tún díẹ̀, ọ̀kan bà á, méjì wọ inú koríko. Wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Vieux père, ta flèche-là est saoule dêh!" Pé ọfà mi ti mutí yó. Inú bí mi débi pé mo ṣẹ́ ọfà méjì lórí eékún.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá mi ti fi kásẹ́ẹ̀tì wáàsí àáfà kan ránṣẹ́ sí mi lásìkò ààwẹ̀, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Òfìfo ni ojú kejì rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ sínú téèpù: "Ẹ kú ilé, bàbá. Ọfà mi ń yà sí òsì." Màmá kan tó ń ta abọ́ ní ọjà Abobo, ọmọ Ìgbòho bíi tiwa, ló bá mi mú un lọ sílé.

Ojú kásẹ́ẹ̀tì kan yẹn la wá ń lò. Bàbá mi á gbọ́ tèmi tán, wọ́n á dá a padà síbẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba ohùn tiwọn lé e, màmá alábọ́ á mú un bọ̀. Èmi náà á gbọ́ tiwọn, màá gba tèmi lé e. Wọn ò fẹ́ràn tẹlifóònù. Wọ́n ní àwọn ò lè máa bá ọmọ àwọn sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì dúró sẹ́yìn àwọn máa wo aago.

Èsì àkọ́kọ́ dé. "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ò sí níbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ta á kí n gbọ́."

Mo gbé téèpù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ta ọfà márùn-ún, mo fi ránṣẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí èsì kejì tó dé. "Ìró méjì ni mo gbọ́ kí ọfà tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ẹyọ kan ló yẹ kó jẹ́, ìró ọsán ọrun. Èkejì yẹn, ìyẹ́ ló ń gbá igi ọrun. Ìyẹ́ mẹ́ta lo lẹ̀, àbí? Jẹ́ kí èyí tó dá dúró nínú wọn kọ ẹ̀yìn sí igi ọrun. Kí gbogbo wọn sì wá láti apá kan náà lára ẹyẹ. Bó o bá po ìyẹ́ apá ọ̀tún mọ́ ti òsì, ọfà ò ní mọ ibi tó máa yí sí."

Ẹnu yà mí. Ohun tí ojú mi ò rí ní Abobo, etí bàbá mi gbọ́ ọ ní Ìgbòho. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọfà, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kan tún kù." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nínú èsì àkọ́kọ́. Mo mọ bàbá mi. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìbáwí ló ń bọ̀, àyà mi ò sì gbé ìbáwí. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa téèpù, mo sáré lọ síbi àpò. Mo ní màá gbọ́ ìyókù bó bá yá. Kó tó yá, mo ti gba ohùn lé e.

Ìyẹ́ tí mo tún lẹ̀ ṣiṣẹ́, ìdí ọfà ò jù mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yà díẹ̀. Èsì kẹta ní: "Igi rẹ ló le jù. Káfíńtà ni ẹ́, o fẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró gbagidi bí àga. Ọfà gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ bó bá ń kọjá lára ọrun, kó tó nà padà. Èyí tí kò bá tẹ̀, ọrun á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fá àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ ìyẹ́ kúrò lára ọ̀kan, ta á nítòsí. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì kọ sí òsì nínú àpò, tún fá a." Wọ́n tún wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ kan tún kù." Mo tẹ bọ́tìnnì.

Sunday mẹ́rin ni mo fi fá ọfà náà. Ní Sunday karùn-ún, ó wọ àárín àpò, ó dúró ṣánṣán. Mo ta òmíràn, ó lọ bá a níbẹ̀. Wẹ́dà pàtẹ́wọ́. Mo gbé téèpù sílẹ̀, mo ta mẹ́ta sí i, mo kígbe sínú rẹ̀: "Ẹ gbọ́ ọ, bàbá? Ìró kan ni!" Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá, mo ta á ní kókó, mo fún màmá alábọ́.

Nígbà tí màmá padà dé, mo ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́. Wọn ò gbé ẹrù kankan àfi báàgì ọwọ́ wọn. Wọ́n jókòó lórí pákó.

"Ọmọ mi, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná."

Mo fi í sílẹ̀.

"Bàbá ti lọ. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n ti sin wọ́n kí n tó dé ilé."

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé wọ́n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà?"

Màmá mú ọ̀rá náà jáde nínú báàgì. Kókó tí mo ta ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Depuis l'année passée, láti ọdún tó kọjá, ni ikọ́ yẹn ti wà lára wọn. Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Mo ní wọn ò sọ fún mi.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí téèpù. Mo gbọ́ ọfà mi. Mo gbọ́ igbe ara mi, ó sì rí mi lára. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò tẹ bọ́tìnnì. Ibi tí ohùn mi parí sí, ohùn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀. Ìyókù èsì kẹta ni, èyí tí ohùn mi ò gùn tó láti pa rẹ́.

"...ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń sọ ọ́, o ò fèsì. Kò burú. Mi ò bínú sí ọ mọ́, ó ti pẹ́. Ikọ́ yìí ò jẹ́ kí n lè fa ọrun mọ́. Fi ọfà sílẹ̀ ná, máa bọ̀ nílé kí n fojú kàn ọ́. Bí o ò bá sì fẹ́ wá, wí bẹ́ẹ̀ fún mi, kí n yéé wo ọ̀nà."

Wọ́n wúkọ́, kásẹ́ẹ̀tì sì tán.

Mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ọfà tó ń lọ tààrà yẹn, mo fi ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì náà, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò lè gba ohùn lé e mọ́. Kò sí ẹlòmíì tó gba ohùn lé ohùn bàbá mi rí, àfi èmi.