Ilé Páálí Ìyá Ìyàwó

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Manigri, aránṣọ ni. Àwa tí a jọ máa ń fi páálí àti agolo kọ́ ilé kéékèèké mọ ìṣe rẹ̀: á dojú bolẹ̀, á yọjú wo fèrèsé, á ní, “Kò tíì jọ.”

Nígbà tó fi páálí kọ́ irú ilé tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Bassila, ó lu ihò sórí òrùlé. A bẹ̀ ẹ́ pé kó dí i.

“Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.”

A bá a gbé e lọ fún ìyá ní Bassila. Ìyá gba ẹ̀bùn náà, wọ́n wò ó títí.

“Ọkọ ọmọ mi, ṣé o ti rí àwọn ihò yìí tipẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ó dáa. Ẹ lọ gbé àkàbà wá.”

Gbogbo wa la gun òrùlé. Ìyá jókòó sísàlẹ̀, wọ́n gbé ilé páálí lé itan, wọ́n ń fi ìka tọ́ka ihò tó kàn.