Ẹṣin Tó Jíǹde Lórí Pátákó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí imú mi kò tíì ga ju etí tábìlì lọ, àwọn àgbàlagbà kan ní Ìrókò dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀, wọ́n ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó orí pátákó, lábẹ́ igi ọ̀dán ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé eré àwọn ará ìgboro nìkan ni. Àlùfáà òyìnbó kan ló fi pátákó náà sílẹ̀ fún bàbá mi, tí í ṣe tíṣà iléèwé ìjọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ orí rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ọba, bí ẹṣin. Bàbá mi wá fi eré náà kọ́ télọ̀ àdúgbò wa, Mùsùlùmí òdodo, títí tí kò fi sí ẹni tó lè na àwọn méjèèjì mọ́ àfi ara wọn.

Ní Sátidé kan, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí yóò lọ bá ẹgbẹ́ kan ta á ní Ìbàdàn. Ọkàn bàbá mi wà níbẹ̀ púpọ̀. Ó sì ń wu télọ̀ náà láti lọ.

"Tíṣà, ọba yín ń làágùn."

"Ẹ wo tiyín ná, Àlàájì ọ̀la. Ẹnu ọ̀nà ló ń wá."

Eré ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tí ladánì pe ìrun Alásárì. Télọ̀ dìde, wọ́n gbé bùtà, wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọn ò tíì pẹ́ lọ tí ewúrẹ́ méjì fi lé ara wọn dé, tí wọ́n sì da gbogbo pátákó náà sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ tò ó bó ṣe wù yín," ni ẹnì kan wí. "Ta ni yóò mọ̀?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ṣa àwọn ọmọ náà jọ. Wọ́n dijú, wọ́n ń ronú, wọ́n ń to ọmọ kọ̀ọ̀kan padà.

Télọ̀ dé, omi àlùwàlá ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wo pátákó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ ti pa ẹṣin mi yìí kí n tó lọ kírun. Ta ló jí i dìde? Àjíǹde ò tíì yá o!"

Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú un kúrò. Ẹṣin yẹn ì bá gbà wọ́n là, nítorí kò pẹ́ tí bàbá mi fi há ọba wọn mọ́ igun, tí wọ́n sì pa télọ̀ láyò.

Télọ̀ na ara, wọ́n ní, "Ẹ gbé ṣòkòtò yín wá kí n lọ̀ ọ́. Ẹ ò ní fi ṣòkòtò rírún ṣojú Ìrókò."

Wọ́n na bàbá mi ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí ṣòkòtò tó gún tó tiwọn níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi irú wọn tọ́ mi. Lónìí, orí fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ẹni tí kò rí rí. Ó dára, ewúrẹ́ kò lè dà á rú. Bí fóònù bá kú, tó bá jí, á rántí ibi tí wọ́n dé. Nígbà tiwa, ẹni tí a jọ ń ta á ló ń bá wa rántí, àní bí ìrántí náà yóò tilẹ̀ pa òun fúnra rẹ̀ láyò.